Táyà mẹ́rin, irú mẹ́rin: ṣé mo lè gbé e dé Ọ̀fà?

Ọmọ Ọ̀fà ní Kubwa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Mo ra Corolla 2010 tokúnbọ̀ lóṣù tó kọjá. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára, gíà rẹ̀ ń wọlé wẹ́rẹ́, ẹ́sì rẹ̀ ń tutù. Táyà ni mi ò yẹ̀ wò. Àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ohun tí mo rí sì dẹ́rù bà mí. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ti iwájú lọ́wọ́ òsì jẹ́ 195/65R15, iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún jẹ́ 195/60R15. Ẹ̀yìn méjèèjì jẹ́ 195/65R15, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe wọ́n. Ọ̀kan ṣì ní eyín dáadáa, èkejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fá tán. Ti iwájú òsì yẹn ló burú jù. Bí ẹ bá dúró lóòró tí ẹ ń wò ó, ẹ ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Ìgbà tí mo ki ọwọ́ bọ inú lọ́hùn-ún, lápá ibi tó kọjú sí ẹ́ńjìnnì, ó ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, nǹkan kan sì gún mi ní ìka bí abẹ́rẹ́.

Bí mo bá ń sáré 80 lójú ọ̀nà Kubwa, kò sí wàhálà. Tó bá ti di 90 sí 100, sítíárì á máa gbọ̀n lọ́wọ́ mi, ọkọ̀ á sì máa fà sí ọ̀tún.

Ọ̀sẹ̀ méjì sí i, mo fẹ́ gbé màmá mi àti ọmọ mi méjì lọ sílé fún ìgbéyàwó àbúrò mi. Ọ̀nà Lọ́kọ́ja la ó gbà, Ọbájánà, Kàbbà, Ẹ̀gbẹ̀, Ọ̀mù-Àrán, ká tó dé Ọ̀fà. Owó tó wà lọ́wọ́ mi báyìí ò ju ti táyà tuntun méjì lọ. Ṣé kí n ra méjì? Iwájú ni kí n fi wọ́n sí ni àbí ẹ̀yìn? Àbí kí n wá tokúnbọ̀ mẹ́rin tó bára mu? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Awakọ̀ Jabi

Ọmọ Ọ̀fà, ẹ kú oríire ọkọ̀. Kí a tó sọ ti owó rárá, ohun tó gún yín lọ́wọ́ yẹn, wáyà ni. Inú táyà ni wọ́n máa ń hun ún sí, tí rọ́bà á bò ó mọ́lẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá ti lè kàn án, rọ́bà ti tán níbẹ̀. Ẹ má gbé ọkọ̀ yẹn lọ síbi iṣẹ́ lọ́la. Ẹ yọ táyà yẹn lálẹ́ òní, kí ẹ fi ẹ̀sítírà rọ́pò rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀sítírà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló wà nínú búùtù yín, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára: kò gbọdọ̀ sáré kọjá 80, atẹ́gùn 60 psi ló sì máa ń gbà, kì í ṣe 32 bí ti àwọn yòókù. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé e kiri láì mọ̀.

Mo ti ń ná Jabi sí Ìlọrin láti 2012. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí ni mo fi ń sọ ọ́. A ti kọjá Kotonkarfe díẹ̀, aago méjì ọ̀sán, oṣù Kẹta. Táyà ẹ̀yìn kan wà tí mo mọ̀ pé inú rẹ̀ ti jẹ, mo sì ti fi sọ́kàn pé tí mo bá ti Ìlọrin dé ni màá pààrọ̀ rẹ̀. Mo kàn gbọ́ "gbàù!" ni, ìdí ọkọ̀ sì fì sí òsì. Ọ̀gá tó kọ́ mi lọ́kọ̀ ti sọ ọ́ títí ó fi wọ̀ mí lára pé bí táyà bá bẹ́, ẹsẹ̀ ò gbọdọ̀ kan bíréèkì. Mo di sítíárì mú gírígírí, mo rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, mo jẹ́ kí eré yẹn máa kú fúnra rẹ̀ títí mo fi lè yà sẹ́bàá ọ̀nà. Èrò méje ló wà nínú ọkọ̀. Obìnrin kan gbé ọmọ ọwọ́ sórí ẹsẹ̀. Títí dòní, bí mo bá ń yẹ táyà wò láàárọ̀, ojú obìnrin yẹn ni mò ń rí.

Ìyá Ìbejì, Karu

Ẹ má bínú o, mi ò fẹ́ kí ẹ dẹ́rù ba arákùnrin wa jù. Ó lé lọ́dún kan tí mo ti ń wa ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ ò bára mu láti Karu sí Wuse, kò sí ohun tó ṣe é. Gbogbo wa la mọ bí ọjà ṣe rí lásìkò yìí. Bí owó bá tó méjì, kí wọ́n ra méjì, kí wọ́n fi Ọlọ́run ṣáájú, kí wọ́n rọra máa lọ.

Oní-táyà Mararaba

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ò parọ́, ṣùgbọ́n Karu sí Wuse yàtọ̀ sí Kubwa sí Ọ̀fà. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Nyanya, táyà á rìn díẹ̀, á dúró, á fẹ́ atẹ́gùn sára. Lójú ọ̀nà jíjìn, wákàtí méjì, mẹ́ta ni yóò fi máa yí láì sinmi, ẹrù ń tẹ̀ ẹ́ lókè, ọ̀dà gbígbóná ń jó o nísàlẹ̀. Ooru ló ń pa táyà. Èyí tó rọ́jú fún ọdún kan nínú ìlú lè bẹ́ kó tó dé Lọ́kọ́ja, tí kò sì ju nǹkan bí 200 kìlómítà lọ.

Ọdún 19 ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Mai faci ni àwọn ará ibí ń pè wá. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kà á mọ̀ ni pé táyà kì í jẹ lásán. Ibi tó ti jẹ ló ń sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀, ọwọ́ la sì fi ń gbọ́ ọ, torí ojú kì í rí inú. Ẹ yí sítíárì dé ìpẹ̀kun lápá kan kí inú táyà lè yọ síta, ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ ra á jẹ́jẹ́, kí wáyà má baà họ yín bíi ti Ọmọ Ọ̀fà.

Bí etí méjèèjì bá ti jẹ tí àárín ṣì ní eyín, ẹ kì í fún un ní atẹ́gùn tó. Bí àárín bá jẹ tí etí ṣì wà, atẹ́gùn ló pọ̀ jù. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: àwa oní-táyà ló ń fa èyí, torí ọ̀pọ̀ wa ló máa ń fún gbogbo ọkọ̀ ní 40, 45, a ò ní béèrè. Bí etí kan ṣoṣo bá jẹ, bí ti yín yìí, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ò dúró gún. Ẹ ra ọwọ́ láti ìta lọ sínú, kí ẹ tún rà á láti inú bọ̀ síta. Bó bá dán ní lílọ tó wá ń họ ọwọ́ bí ayùn ní bíbọ̀, táyà yẹn kò yí gún, ńṣe ló ń wọ́ ara rẹ̀ nílẹ̀ bó ṣe ń lọ. Aláìnmẹ́ǹtì, ìyẹn títún ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe kó lè dúró gún, ló ń fẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kan kòtò, kòtò, kòtò yíká ojú rẹ̀ bí ọpọ́n ayò, ṣọ́kì tó ń gba gbígbọ̀n ọkọ̀ ti kú. Táyà ń ta lórí ọ̀dà, ibi tó bá sì ti balẹ̀ ló ń jẹ. Bí ẹ bá ra tuntun sórí ṣọ́kì tó ti kú, láàárín oṣù díẹ̀ ẹ ó tún padà wá bá mi.

Ó ku ti 65 àti 60 tó wà níwájú yín. Nọ́ńbà yẹn ni gíga ẹ̀gbẹ́ táyà, iye rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ táyà, tó jẹ́ mìlímítà 195. Tuntun 195/65R15 ga tó 634 mìlímítà láti ilẹ̀ dé orí, 195/60R15 jẹ́ 615. Ẹ ó ní kí ni sẹ̀ǹtímítà méjì? Nínú kìlómítà kan, èyí tó ga á yí nǹkan bí ìgbà 502, èyí tó kúrú á yí ìgbà 518. Ó fi yíyí 16 ju èkejì lọ ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan! Kí ẹ tó dé Lọ́kọ́ja, ó ti lé ní 3,000. Gíà kékeré tó wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, tí wọ́n ṣe kó lè ṣiṣẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà nìkan, á wá máa ṣiṣẹ́ láìdúró lójú ọ̀nà tó tọ́. Ìdí tí ọkọ̀ yín fi ń fà sí ọ̀tún gan-an nìyẹn, apá ibi tó kúrú ló ń fà sí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé aláìnmẹ́ǹtì nìkan á tún un ṣe. Táyà méjì tó wà ní ìlà kan náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà, irú kan náà, kí jíjẹ wọn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Màmá Gwarinpa

Ẹ ṣé o, Oní-táyà. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un fún àwọn tó ní jíìpù tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Highlander ni tèmi. Táyà kan ṣoṣo ló bẹ́, ni mo bá ra ẹyọ kan tuntun sáàárín mẹ́ta tó ti jẹ. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́ bí ọlọ ata. Gíà tó ń pín agbára fún iwájú àti ẹ̀yìn ló ti ń jẹ ara rẹ̀. Owó tí mo fi tún un ṣe ju owó táyà mẹ́rin lọ fíìfíì. Àwọn Subaru, tó ń ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, sọ pé ìyípo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò gbọdọ̀ fi ju nǹkan bíi mìlímítà 6 lọ síra. Corolla kò ní ìṣòro yìí, iwájú nìkan ló ń fà, ṣùgbọ́n ẹlòmíì lè máa ka ibí yìí.

Ará Kánò

Lórí tokúnbọ̀ tí Ọmọ Ọ̀fà béèrè. Sabon Gari ni mò ń gbé. Mo mọ ìdí tí gbogbo wa fi ń rà á. Láti ìgbà tí Michelin ti ti ilé iṣẹ́ wọn pa ní Port Harcourt ní 2007, tí Dunlop náà sì pa iṣẹ́ táyà tì ní Ìkẹjà lẹ́yìn rẹ̀, òkèèrè ni gbogbo rẹ̀ ń ti wá, owó dọ́là la sì fi ń rà á. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kó o wọlé: wọ́n á fún táyà kan sínú òmíì, wọ́n á tún fún ẹ̀kẹta sínú ìyẹn, kí ọkọ̀ ojú omi lè gba púpọ̀. Etí tó máa di rímù mú á tẹ̀, wáyà inú á ṣẹ́, kò sì sí ojú tó lè rí i. Àwọn mìíràn á fi irin gbígbóná gbẹ́ eyín tuntun sórí èyí tó ti fá, wọ́n á kùn ún dúdú. Rọ́bà tó yẹ kó bo wáyà ni wọ́n gbẹ́ kúrò yẹn. Táyà ọkọ̀ kékeré kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbẹ́.

Mo ra mẹ́rin lọ́wọ́ ẹnì kan ní 2020, ó ń dán bí bàtà ọmọ tuntun. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, mo fi kànrìnkàn àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, àwọ̀ yẹn ṣí, gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ọjọ́ orí rẹ̀: 1811. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí, ẹ tọ̀ ọ́ lọ títí dé nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kù ni ọdún. 1811 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún ọdún 2011. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n tà fún mi. Bí ẹ kò bá rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì, apá kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí. Ọdún mẹ́rin ni SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ní kí a kà fún táyà ní Nàìjíríà láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Nínú ooru tiwa níhìn-ín, tó lè dé ìwọ̀n Celsius 40 lóṣù Kẹrin, mi ò rí ẹni tó yẹ kó bá wọn jiyàn.

Ti jíjẹ rẹ̀ náà: nínú kòtò ojú táyà, ẹ ó rí rọ́bà kékeré kan tó dábùú. Bí eyín bá ti jẹ títí ó fi bá a dọ́gba, ó ku 1.6 mìlímítà, ó ti parí. Ẹ fi igi ìṣáná kan tẹ́ sínú kòtò yẹn. Igi ìṣáná fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 2. Bó bá yọ sókè, ẹ má gbé ọkọ̀ yẹn jáde lọ́jọ́ òjò. Ìlà inú, ìlà àárín, ìlà ìta, kí ẹ wọ̀n ọ́n ní gbogbo rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà ní Kubwa

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti yọ ti wáyà yẹn lálẹ́ àná, aládùúgbò mi ló bá mi mú tọ́ọ̀ṣì dání. Ẹ̀sítírà mi kì í ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, 195/65R15 gidi ni, ó sì dà bíi pé wọn ò fi kanlẹ̀ rí, irun wẹ́wẹ́ ti tuntun ṣì wà lára rẹ̀. Inú mi dùn. Ìyẹn ni pé bí mo bá ra méjì, mo ti ní mẹ́rin tó dára: tuntun méjì, ẹ̀sítírà yìí, àti ẹ̀yìn kan tó ṣì ní eyín. Ó wá ku iwájú tàbí ẹ̀yìn.

Awakọ̀ Jabi

Tuntun sí iwájú. Iwájú ló ń fa Corolla, iwájú ló ń yà, iwájú ni bíréèkì pọ̀ sí jù.

Ẹ̀gbọ́n Kàdúná

Awakọ̀ Jabi, mo bọ̀wọ̀ fún ọdún tí ẹ ti lò lẹ́nu iṣẹ́, òótọ́ sì ni gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn. Síbẹ̀, ẹ̀yìn ni. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kọ́ ènìyàn ní ọkọ̀ wíwà, ibi yìí sì ni àṣìṣe ti wọ́pọ̀ jù.

Ẹ rò ó báyìí. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ó da epo àti eruku ọ̀dà pọ̀, ilẹ̀ ń yọ̀ bí ilá. Bí táyà iwájú bá yọ̀, imú ọkọ̀ á fẹ́ máa lọ tààrà, sítíárì á fúyẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lára lójú ẹsẹ̀. Ẹ ó gbé ẹsẹ̀ sókè, eré á wálẹ̀, táyà á tún gbá ilẹ̀ mú. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló yọ̀, kò sí ohun tó máa sọ fún yín. Ìdí á fì, á fẹ́ ṣáájú orí, kí ẹ tó mọ̀, ẹ ti kọjú síbi tí ẹ ti ń bọ̀. Èèyàn díẹ̀ ló lè dá a padà, mo sì ti wo ọ̀pọ̀ tó gbìyànjú. Àwọn Michelin náà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: bí ẹ bá ra méjì, ẹ̀yìn ni kí tuntun wà, ì báà jẹ́ iwájú ló ń fa ọkọ̀. Ti táyà tó bẹ́ náà rí bẹ́ẹ̀, ti ẹ̀yìn ṣòro láti kápá ju ti iwájú lọ. Ẹ̀yin fúnra yín ti sọ bí ìdí ọkọ̀ yín ṣe fì ní Kotonkarfe.

Ẹ̀yin ará Àbújá á rántí ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 2016, nígbà tí James Ocholi, mínísítà kékeré fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti ìgbanisíṣẹ́, kú lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọkùnrin rẹ̀. Táyà tó bẹ́ lórí eré ni FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, sọ pé ó fà á. Èmi ń gba ọ̀nà yẹn lóòrèkóòrè nígbà náà. Ó dùn mí, ó sì ń dùn mí títí di báyìí.

Ìwọ Ọmọ Ọ̀fà, ọmọ mi, kí o tó máa yọ̀ lórí ẹ̀sítírà yẹn, ka nọ́ńbà mẹ́rin tí Ará Kánò sọ fún ọ, kí o wá sọ ohun tí o rí.

Awakọ̀ Jabi

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí létí. Ìdí ọkọ̀ ló fì lóòótọ́. Mo gbà.

Ọmọ Ọ̀fà ní Kubwa

Ẹ̀gbọ́n, mo ti wò ó. 4309.

Ará Kánò

Ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógójì ọdún 2009. Òun ló bá ọkọ̀ yẹn jáde nílé iṣẹ́. Irun tuntun kò ní kó jẹ́ tuntun o, rọ́bà ń gbó nínú búùtù bó ṣe ń gbó nílẹ̀. Ẹ fi èékánná tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: bó bá le bí igi tí kò yọ́, tàbí tí ẹ rí ìlà wẹ́wẹ́ níbi tó ti ń ká, kó gbé yín dé ọ̀dọ̀ oní-táyà nìkan, kó má gbé màmá yín dé Kàbbà.

Mẹkáníìkì Apo

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ra táyà kankan, ẹ wo ohun tó jẹ ti àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi jáàkì gbé iwájú sókè. Kí mẹkáníìkì di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kó mì í. Bó bá ń yẹ̀, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tàbí bíárìnì ni. Kó tún dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì, kó mì í. Bó bá ń yẹ̀, táì rọ́ọ̀dù, irin tó so sítíárì mọ́ ẹsẹ̀, ni. Kó fi tọ́ọ̀ṣì wo búùṣì apá ìsàlẹ̀, rọ́bà inú apá irin tó di ẹsẹ̀ mú nísàlẹ̀, bó bá ti ya, ẹsẹ̀ á máa sá sẹ́yìn nígbàkúùgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, kò sì sí aláìnmẹ́ǹtì tó lè dúró lórí rẹ̀. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti le ni kí ẹ tó lọ ṣe aláìnmẹ́ǹtì. Ẹ béèrè ìwé tó fi bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ àti bó ṣe wà lẹ́yìn hàn yín. Ẹni tí kò bá fẹ́ fún yín níwèé, ẹ má fún un lówó.

Gbígbọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní 90 yẹn, bálánsì ni mo fura sí, ìyẹn ni pé ìwúwo táyà kò dọ́gba yíká. Owó díẹ̀ ni, ẹ má fò ó.

Ìyá Ìbejì, Karu

Mo jáde lọ wo tèmi láàárọ̀ yìí pẹ̀lú igi ìṣáná. Ẹ̀yìn méjèèjì, igi yẹn yọ sókè gbangba. Àwọn ìbejì ló máa ń jókòó níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, ẹ ṣe é tí ẹ ò fi bínú sí ohun tí mo kọ. Iwájú mi méjèèjì bára mu, ọdún 2023 ni. Mo ti ra méjì, mo ní kí wọ́n fi sí ẹ̀yìn. Oní-táyà tí mo lọ bá ń bá mi jà pé iwájú ni, mo ní ẹ̀yìn, ó sì fi síbẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí àǹtí: bí ẹ bá ń dá àjọ, ẹ lọ bẹ olórí àjọ kó jẹ́ kí ẹ kó tiyín ṣáájú. Bí ìyẹn ò bá bọ́ sí i, ẹ wọ ọkọ̀ èrò lọ sí ìgbéyàwó. Àbúrò yín á gbọ́.

Oní-táyà Mararaba

Ohun mẹ́ta péré, kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbé táyà wọ̀ ọ́. Bí ọfà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ibi tí táyà ń yí sí ní lílọ síwájú ló gbọ́dọ̀ kọjú sí. Bí wọ́n bá kọ "Outside" sí i, ìta ni ìyẹn gbọ́dọ̀ wà. Ẹ sì jẹ́ kó pààrọ̀ ẹnu tí a fi ń fún un ní atẹ́gùn, rọ́bà kékeré yẹn náà ń gbó.

195/60 yẹn, ẹ má jù ú nù bó bá ṣì ní ojú tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò burú. Ó lè jẹ́ ẹ̀sítírà tí ẹ ó fi rọra dé ọ̀dọ̀ oní-táyà tó bá súnmọ́. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn tó ṣì dára yẹn ló sàn jù fún un. Lójú FRSC, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni táyà tó ti fá àti àìní ẹ̀sítírà.

Ará Kánò

Ó ku ti atẹ́gùn. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ ó rí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó. Nọ́ńbà ibẹ̀ ni tiyín, 32 ni ti Corolla yẹn. Èyí tí wọ́n kọ sára táyà ni ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá, kì í ṣe èyí tí ẹ ó fún un. Àárọ̀ kùtù, kí ọkọ̀ tó rìn, ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Bí ooru bá fi nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 5 tàbí 6 lé sí i, psi kan á gòkè. Nítorí náà, bí ẹ bá dé Lọ́kọ́ja lọ́sàn-án tí géèjì sọ 37, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn kan máa ń dá atẹ́gùn jáde nígbà yẹn pé kó má baà bẹ́. Bó bá tutù lálẹ́, á wá kéré jù, ẹ̀gbẹ́ á máa ká, ooru á sì pọ̀ sí i lọ́jọ́ kejì. Àwọn tó ń dá a jáde ló ń sún un dé ibi tó ń bẹ́. Bí ẹ bá di èèyàn àti ẹrù kún ọkọ̀, ẹ wo bébà yẹn bóyá wọ́n kọ nọ́ńbà mìíràn fún ẹrù púpọ̀.

Ọmọ Ọ̀fà ní Kubwa

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, Ọ̀fà ni mo ti ń kọ èyí. A ti dé láti àná, ara gbogbo wa le.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo gbé e lọ sí Apo. Búùṣì apá ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì ti ya pátápátá, mẹkáníìkì fi ìka rẹ̀ kan bọ inú ojú yíya náà kí n lè rí i. A pààrọ̀ rẹ̀ àti táì rọ́ọ̀dù kan. Olórí àjọ wa jẹ́ kí n kó ti oṣù tó ń bọ̀, Ọlọ́run á san án fún wọn, mo sì ra mẹ́rin, irú kan náà, ọdún kan náà. Ti ẹ̀yìn tó ṣì dára ni ẹ̀sítírà mi báyìí. Bálánsì, aláìnmẹ́ǹtì, mo sì gba ìwé méjèèjì. Ní 100, sítíárì dúró bí ẹni pé mi ò wà lórí ìrìn. Ní Lọ́kọ́ja a dúró jẹun, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan táyà kọ̀ọ̀kan yíká, ó lọ́wọ́ọ́wọ́, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bákan náà. Òjò mú wa lẹ́yìn Kàbbà, ó rọ̀ gan-an. Màmá mi sùn títí a fi dé Ẹ̀gbẹ̀.

Oní-táyà Mararaba

Ẹ kú oríire, ẹ bá wa kí ìyàwó. Ti wáyà àti ti 2009 yẹn ńkọ́, ta ni ẹ gbé wọn fún?

Ọmọ Ọ̀fà ní Kubwa

Ẹnì kan wà níbi tí mo ti ra tuntun tó fẹ́ rà á, ó ní òun á bá mi rí oníbàárà fún ti 2009 nítorí irun tó wà lára rẹ̀. Mo ní kí wọ́n yá mi ní ọ̀bẹ. Mo gé ẹ̀gbẹ́ àwọn méjèèjì láti etí dé etí kí n tó fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀.